Àǹtí Atẹ̀wé àti Iṣẹ́ Tí Jẹ́jẹ́ Fi Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí fi tẹ̀wé ní kóòtù kí wọ́n tó sọ fún un pé àwọn kò nílò atẹ̀wé mọ́, pé kálukú ti ń tẹ ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ní ọmọbìnrin kan, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò jókòó kó káwọ́ gbera. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó sì fi ọdún kan ààbọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbà á, òun ló dàgbà jù níbẹ̀, títí kan ọ̀gá. Wọ́n gbọ́ iṣẹ́ tó ti ṣe rí, wọ́n bá sọ ọ́ ní Àǹtí Atẹ̀wé.

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, ọ̀gá pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Àǹtí, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tá a ṣe fún ọsibítù kan ti di tiyín. Àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ló ń lò ó. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá fọ ẹ̀jẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń fún èèyàn méjì ní bẹ́ẹ̀dì kan náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiyín, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ná. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí táwọn aláìsàn ń lò. Jẹ́jẹ́ ti kọ ìlànà ẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni."

Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin tó ṣe ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í kánjú, kì í sì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yìí ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ. Wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò, wọ́n gbé e fún akọ̀wé. Àga rẹ̀ ni wọ́n ní kí Àǹtí Atẹ̀wé máa jókòó sí.

Ojú ìwé kan péré ni ìlànà Jẹ́jẹ́, ìgbésẹ̀ méje ló wà níbẹ̀. Àǹtí Atẹ̀wé tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ adájọ́ nígbà kan, láìfo àmì kan. Nígbà tó dé ìgbésẹ̀ kẹta, lẹ́tà pupa bo ojú kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún un fi sí i. Lẹ́tà pupa náà tún jáde. Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í.

"Mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ yẹn rí, Àǹtí. Jẹ́jẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tún un fi sí i."

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ tún un ṣe."

Ní Ọjọ́rú, ó tún un ṣe. Ó dọ́gbọ́n kan, ó ré ìgbésẹ̀ kẹta kọjá, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ karùn-ún ni nǹkan tún ti dẹnu kọlẹ̀: ètò náà ò rí ibi tó yẹ kí orúkọ àwọn aláìsàn wà. Kò jẹun ọ̀sán. Ìyá rẹ̀, tó rò pé ìwé ló ṣì ń tẹ̀, pè é lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ti gbé ìwé fún ẹ tẹ̀?"

"Wọ́n ti gbé e fún mi, Mọ́mì."

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀."

"Wọ́n mọyì ẹ nìyẹn."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó wo lẹ́tà pupa náà pẹ́ títí. "Àǹtí, mi ò ní fi yín ṣeré. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tí ò ṣiṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọ̀gá kò tíì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tí fóònù orí tábìlì fi dún. Nọ́ọ̀sì kan ló ń pè láti ọsibítù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó jọ ti ẹni tí kò tíì sùn.

"Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ètò yìí báyìí? Obìnrin méjì ló wà níwájú mi, bẹ́ẹ̀dì kan ló ṣẹ́ kù. Àwọn méjèèjì ló ní ìwé òní lọ́wọ́. Èwo nínú wọn ni kí n dá padà sílé?"

Àǹtí Atẹ̀wé ní kó má bínú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ tilẹ̀kùn tọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó bọ́jú, ó lọ bá akọ̀wé, ó gba àdírẹ́sì Jẹ́jẹ́, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sínú àpò.

Àjà kejì ni Jẹ́jẹ́ ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo àlejò náà, ó wo àpò tó gbé kọ́ èjìká.

"Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó wá láti ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà lẹ sì gbé wá."

"Ojú ń tì mí, mà. Kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ ni."

Obìnrin náà yà fún un. "Ẹ wọlé. Kò lè sọ ju 'ó dáa' lọ o. Tó bá fẹ́ ni, ó dáa. Tí ò bá fẹ́, ó dáa. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá là á, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́."

Jẹ́jẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìrọ̀rí méjì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ ró. Àǹtí Atẹ̀wé kúnlẹ̀ kí i, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Bí ó ti rí lẹ́tà pupa yẹn, ojú rẹ̀ là.

"Ó dáa," ni ó wí.

"Ṣé irinṣẹ́ tí mo fi sí i, èyí tí ètò yìí ń lò láti ṣiṣẹ́, ló ti tuntun jù?"

Ó la ọwọ́.

Àǹtí Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àwọn ẹ̀dà irinṣẹ́ náà bọ̀, láti tuntun sí àtijọ́. Ogún? Ẹ̀ṣẹ́. Méjìdínlógún? Ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́rìndínlógún? Ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́rìnlá? Ọwọ́ là. Ó fi ẹ̀dà kẹrìnlá sí i, ó gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìgbésẹ̀ kẹta kọjá láìsí lẹ́tà pupa kankan, ìkẹrin tẹ̀ lé e. Ìkarùn-ún tún kọ̀.

Jẹ́jẹ́ na ìka sí ibi tí àwọn fáìlì tò sí, ó ń kan ibì kan tí kò sí nǹkankan. "Ó dáa. Ó dáa, ó dáa." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tó," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ń dà á láàmú."

Òótọ́ ni. Àǹtí Atẹ̀wé pa kọ̀ǹpútà dé, ó ń kó o sínú àpò, àmọ́ ọwọ́ òsì yẹn di okùn àpò mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Àǹtí Atẹ̀wé wo ìyàwó ilé. Ìyàwó ilé wo ọkọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Àǹtí Atẹ̀wé tún ṣí kọ̀ǹpútà. "Ṣé fáìlì kan ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí?"

Ọwọ́ là.

Ìgbà náà ló wá yé e. Fáìlì kékeré tó ń sọ fún ètò náà ibi tí yóò ti rí orúkọ àwọn aláìsàn àti pásíwọ́ọ̀dù tí yóò lò ni. Wọn kì í fi í sáàárín àwọn yòókù, kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o. Orí kọ̀ǹpútà Jẹ́jẹ́ nìkan ló wà, wọ́n sì ti nù ún dànù.

"Ṣé mo lè kọ òmíràn?"

Ọwọ́ là.

Wọ́n jọ kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ń bi í, Jẹ́jẹ́ ń la ọwọ́, ó ń di ẹ̀ṣẹ́, ó ń sinmi, wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan nọ́ńbà kan tí wọn kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ̀, Jẹ́jẹ́ na ìka márùn-ún, ó na mẹ́rin, ó na mẹ́ta, ó na méjì. Kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ojú ìwé ọsibítù ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ àti orúkọ bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí Atẹ̀wé yíjú láti fi hàn án. Jẹ́jẹ́ ti sùn lọ lórí àga. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kọ̀ǹpútà náà.

"Ohun tó ń ṣe lọ́fíìsì lójoojúmọ́ nìyí?"

"Òun ni, mà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún lẹ fi gbé e dìde. Títún un ṣe wá ńkọ́?" Kò dúpẹ́, kò sì lé e. Àǹtí Atẹ̀wé sọ fún un pé ó yẹ kí ẹnì kan lọ kí Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá ní òun á gbìyànjú. Àǹtí Atẹ̀wé padà sórí àga, ó kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìlànà yẹn, ó kọ ẹ̀dà kẹrìnlá síbẹ̀ gbàǹgbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn ló fi wá àṣìṣe tó ń fún èèyàn méjì ní bẹ́ẹ̀dì kan náà, tí nọ́ọ̀sì sì ń pè. Nígbà tó rí i tó tún un ṣe, kò sí agbára láti yọ̀ nínú ara rẹ̀ mọ́. Ó tọrọ ààyè wákàtí méjì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé Jẹ́jẹ́ láti sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti gbé e padà sí ọsibítù láti àná. Aṣọ ẹ̀ ni mo wá kó."

Àǹtí Atẹ̀wé di etí kan àpò aṣọ náà mú, obìnrin náà di èkejì, wọ́n jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.