Ògiri Tí Kúbúrátù Rẹ́

Kúbúrátù ti lé ní ọgọ́ta ọdún lọ́dún 1987, kò sì tíì kọ orúkọ ara rẹ̀ rí. Ìka ló ń tẹ̀ kiri Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò ní àwọn fẹ́ tún pẹtẹ́ẹ̀sì alámọ̀ àtijọ́ kan ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ àgbà, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ìka náà ló tún tẹ̀!

Gàfárù bíríkìlà ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ó mọṣẹ́ o, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù ló mọ̀. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Òjò kan péré, gbogbo rẹ̀ ṣí bọ́ọ́lẹ̀. Ó tún un rẹ́, ó tún ṣí. Ni ẹgbẹ́ bá ní tí Iléyá bá ti lọ, àwọn yóò wó ilé náà. Kò sì sí ibòmíràn fún ilé ẹ̀kọ́.

Háà! Kúbúrátù fárígá. Ilé rírẹ́ niṣẹ́ ìyá rẹ̀, òun náà sì ṣe é títí sìmẹ́ńtì fi gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ó gba ọ̀dọ̀ Gàfárù lọ.

"Ọmọ mi, amọ̀ a máa mí. Ìwọ lọ dí i nímú. Fún mi ní ògiri kan."

"Ìyá, ayé ti kọjá fífi ìgbẹ́ màlúù rẹ́lé o."

"Ògiri ni mo tọrọ, n kò tọrọ ìmọ̀ràn."

Gàfárù rẹ́rìn-ín, ó fún un ní èyí tó kọjú sí ibi tí òjò ti ń wá. Ìkà ọmọ! Kúbúrátù po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, ó rẹ́ ẹ, ó fi òkúta dán an. Ó rẹ èèpo èso irúgbá sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi omi pupa rẹ̀ pa ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí òjò má baà wọ̀ ọ́.

Òjò dé lọ́jọ́ Àlàmísì, bí ẹni tó ń bá ilé náà jà. Nígbà tó dá, sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ pẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ògiri Kúbúrátù ń dán. Ohun tí àgbà fi ń jẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Gàfárù fọwọ́ pa ògiri náà títí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá, ẹ kọ́ mi."

Ó kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló rẹ́ ilé náà tán, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ wíwó. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1988, Kúbúrátù kò sì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní ìparí ọdún, tíṣà wọn, Adéjọkẹ́, gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ tuntun dé, pẹ̀lú tàdáwà ìtẹ̀ka bí i ti tẹ́lẹ̀. Kúbúrátù ti tàdáwà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tíṣà, gbé e kúrò. Bírò ni kí o fún mi."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà, ó gba ìlà mẹ́ta.