Marúgbó Kò Jẹ̀bi

Òórùn kẹ́míkà tí wọ́n ń fín sí koríko gbá mi nímú lánàá lójú ọ̀nà Ajue. Ó rán mi létí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ lè pa ènìyàn. Mo kéré nígbà náà. Ìyá mi já ewé marúgbó létí oko kòkó wa, ó fi se ọbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi àti àbúrò mi ti ń bì, ojú wa ń ṣú. Ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fa omi sí wa lára kí a tó yè.

Bàbá àgbà, olórí agboolé wa, ní kí wọ́n hú gbogbo marúgbó dànù.

“Ẹni tó bá tún sè é, yóò kẹ́rù jáde nílé mi!”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Baba, ewé kọ́. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú kòkó ló fín kẹ́míkà láàárọ̀, kò sì sọ fún wa.”

“Ewé lo gbé kaná àbí kẹ́míkà?”

“Méjèèjì ni, Baba.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ marúgbó. Ìtàkùn ni, ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú bí èédú, òun sì ni a fi ń tọ́jú ìyálọ́mọ kí ara rẹ̀ lè tètè padà bọ̀ sípò. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò ní sọ pé ó ń wo gbogbo àìsàn. Títí dòní, n kì í ra ewé tí n kò mọ oko rẹ̀, léraléra ni mo sì ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mò ń jẹ ẹ́. Ta ni yóò gbà á lẹ́nu mi?

Ìyá mi gbin ìtàkùn kan sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí kẹ́míkà kò dé. Nígbà tó rúwé, ó sè é lọ́sàn-án gangan, ó sì jókòó jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn.

“Ìyàwó, ṣé o ti dẹrù?” ni àwọn ìyálé ń bi í.

“Ìkòkò ló kù!”

Èmi ń rò ó nínú mi. Ibo la fẹ́ sùn?

Lọ́sẹ̀ náà, ìyàwó àbúrò bàbá mi bímọ. Ó kọ gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún un. Marúgbó ló ń bèèrè. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ilé ìdáná wa, ó húkọ́.

“Ìyàwó, bù díẹ̀ fún ìyálọ́mọ.”

Ìyá mi bù ú. Bàbá kò lọ.

“Èmi náà ńkọ́?”

Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́. Ìyá mi bi í léèrè bóyá kí òun ṣì kẹ́rù.

“Ẹrù wo?” ni bàbá wí. “Ta ló ní kí o lọ?”