Ewé Tí Màámi Fi Dí Ọ̀nà

Kí n tó gun òkè ìlú màámi, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Maryland l'Ékòó nìkan ni òkè tí mo mọ̀. Oregun ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀rá. Tí ọyẹ́ bá dé, ohun tí mo fi ń mọ̀ ni eruku orí ọkọ̀ àti ètè tó ń bó. Irú èmi yìí wá ni màámi ní kó sin àwọn lọ sí Èkìtì, ká jọ gun òkè lọ sí ahoro ibi tí wọ́n bí ìyá tiwọn sí.

Mi ò lè sọ pé rárá. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, òpin oṣù yẹn ni wọ́n máa wọ bàálù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi àti màámi nìkan la jọ ń gbélé. Èmi ni mò ń po ògì wọn láàárọ̀, àwọn ni wọ́n ń bá mi jà tí mo bá ń tẹ fóònù nídìí oúnjẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń kí wa kú oríire, ta ló fẹ́ dúró láàárín ìyẹn kó máa sunkún? Mo panu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gun òkè náà, ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀, a ò tiẹ̀ rí orí rẹ̀. Ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Síbẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àpáta kan, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Èkó! O mà kú iṣẹ́ o. Sinmi, jàre, mò ń lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú. Tóo bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, wo ilẹ̀, wàá mọ ibi tí mo gbà."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo wo ilẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, wọ́n fi dábùú ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún. Inú mi dùn pé mo rí àmì. Mo kọjá lórí ewé náà, ó di ọwọ́ ọ̀tún.

Igbó bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Mo pe màámi, wọn ò dáhùn. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí ara mi. Mo ti ń rí wọn lọ́kàn mi níbi tí wọ́n ṣubú sí, tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ké "Màámi!" títí ohùn mi fi há. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn wọn lókè lápá òsì, wọ́n ń dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó wà ní kíṣìnì.

Mo sáré padà, mo gba òsì. Wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀ gegele tó kẹ́yìn, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ahoro náà.

"Kí lo lọ ń wá lọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fi ewé síbẹ̀, Màámi!"

"Kóo má baà gba ibẹ̀ ni mo ṣe fi í síbẹ̀! Ọ̀nà téèyàn ò gbà ló ń fi ewé dí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gba èkejì. Kò sọ́mọdé tí ò mọ̀ ọ́n níbí." Wọ́n mirí. "Èmi náà ni mo jẹ̀bi, Oregun ni mo ti tọ́ ọ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gun ún tán.

"Ṣé kí n débẹ̀ kí n máa dá a wò ni?"

A jọ gun ìyókù. Ògiri tó ti wó ló wà lókè, àti àfọ́kù ìkòkò, àti igi obì kan. Màámi gbé ọwọ́ lé ògiri náà. Ìfẹ́ wọn kún inú mi débi pé mi ò lè panu mọ́ mọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọ́n ní ká máa sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Títí a fi dé Oregun, wọn ò dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò wọn, mo jí, mo ní kí n lọ kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Àpótí méjèèjì wà nídìí ilẹ̀kùn níbi tí a tò wọ́n sí lálẹ́ àná. Ẹ̀ka máńgòrò kékeré kan, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, wà nílẹ̀ níwájú wọn, ó dábùú ẹnu ọ̀nà.

Mo dúró. Mi ò kọjá lórí ewé lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé kò sẹ́ni tó máa po ògì fún mi nílé yìí ni?" Màámi ló ń ké láti kíṣìnì.

Mo nu ojú mi, mo lọ gbé omi kaná.