Ìyá Mi Tó Wà ní Ìlọrin

Irọ́ tí mo ti pa láyé yìí, bí a bá kó o jọ, yóò ga ju òkè Àráfà lọ. Mo ti sọ ọ́ rí ní Misfala, àdúgbò kan ní Mẹ́kà níbí, pé bàtà ẹyọ kan ni bàbá mi wọ̀ rìn láti Ìlọrin dé Mẹ́kà, pé kìnnìún ló bá a gbé ìkejì. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á bu tíì fún mi. Irọ́ mi kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Misfala ni wọ́n bí mi sí. N kò fojú kan Ìlọrin rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó mi, bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Sáhírì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní fi ọmọ òun fún àwa tí wọ́n bí síbí, tí ìyá wa ń bá wa sọ Yorùbá, tí à ń dá a lóhùn ní Lárúbáwá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Sáhírì. Mo ní Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, Hájì ọdún tó kọjá ni mo bá dé, ìyá mi ṣì wà nílé. Bàbá náà fún mi lọ́mọ, ó tún fi àgbò lé e.

Láti ìgbà náà, bí Hájì bá ti ń parí, ìyàwó mi á di ẹrù fún ìyá ọkọ rẹ̀: omi sàmúsàmú, tẹ̀súbáà, ìbòrí. Èmi ni mo ń gbé e lọ fún àwọn Àlàájì tó ń padà sílé. N kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Màá mu omi náà, màá ta ìyókù. Bó bá bi mí pé, "Àlàájì, ṣé ìyá rí i gbà?" màá ní, "Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣe ọ́ lóore."

Lẹ́yìn Hájì tó kọjá yìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé dání, wọ́n ń pín omi tútù ní Utaibíyà níbi tí à ń gbé. Mo rò pé ẹgbẹ́ aláàánú tó ń bọ́ àlejò Ọlọ́run tó wá ṣe Hájì ni. Àwọn yẹn kì í ka onílé sí. Ẹni tí bàlúù fi sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣàánú jù. Mo bá sọ ohùn mi di ti aláìsàn, mo ní, "Hájì ni mo bá wá láti Ìlọrin, n kò sì padà mọ́." Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ya fọ́tò mi, mo tẹ̀ka sí i. Omi ìgò méjì ni mo gbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló kóra wọn jọ, kì í ṣe ìjọba, wọn kì í gba owó oṣù. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rọ ìjọba pé kí àlejò dín kù nílùú. Ẹni tó bá Hájì wá tí kò padà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò kó orúkọ náà fún àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú. Ìwé tèmi ti kú láti ìgbà tí onígbọ̀wọ́ mi, ọmọ onílẹ̀ tó dúró fún mi níwájú ìjọba, ti kú. Bí wọ́n bá mú mi, ìlú tí n kò mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni wọn yóò dá mi padà sí.

Èmi àti ìyàwó mi, ẹni tí ìwé tirẹ̀ pé, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Jẹ́dà, kí wọ́n lè pa orúkọ mi rẹ́. Olórí wọn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kọfí àti dàbínù fún wa. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. N kò rí ẹni bá jà.

Ó ní, "Bàbá, a kì í kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bí síbí. Ẹ mú ẹnì kan wá tó lè fi Ọlọ́run búra pé ibí ni wọ́n bí yín sí."

Ilé tí wọ́n bí mi sí, òtẹ́ẹ̀lì ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ìyá tó gbẹ̀bí mi ti kú. Àwọn tá a jọ ṣeré, àwọn kan kú, wọ́n lé àwọn kan lọ. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo sọ Yorùbá kí ọkùnrin náà má baà gbọ́.

"Àlàájà, Misfala ni wọ́n bí mi sí."

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Ibí kọ́ ni ibi ìtàn kìnnìún."

"Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Ìyá yín tó wà ní Ìlọrin ńkọ́?"

"Itẹ́ òkú Màálà ní Mẹ́kà ni wọ́n sin wọ́n sí, kí n tó mọ̀ ẹ́."

"Ta ló wá ń gba ẹrù mi látọjọ́ yìí?"

Olórí wọn bi í bóyá ó lè búra. Ó fi Lárúbáwá dá a lóhùn: "Irọ́ ni ọkọ mi fi fẹ́ mi. Èyí tó ń sọ lónìí, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. N kò lè fi Ọlọ́run búra sí ohun tí n kò mọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, èmi arúgbó. Ọkùnrin náà ló gbé mi dìde, ó ní láìsí ẹni tó búra, orúkọ mi kò ní kúrò nínú ìwé.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mẹ́kà. Nígbà tá a délé, ó gbé àpò kan jáde, ó ń to ẹ̀wù mi sínú rẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe àdúgbò yín ní Ìlọrin?"

"N kò mọ̀."

Ó fi oògùn ẹsẹ̀ mi sí i. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò omi sàmúsàmú tó ti dì fún ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́dún yìí, ó fi í sí àárín àwọn ẹ̀wù náà.

"Ẹ gbé e fún wọn fúnra yín," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, màá mọ̀ pé ó dé."

Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Àpò náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Òùngbẹ ń gbẹ mí, n kò sì fọwọ́ kan omi náà.