Minza Sayi àti Sítọ́ọ̀dù Tó Há Nílé Òwú

Nígbà tí Minza Sayi sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ fundi, iṣẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, bàbá náà kò bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ọwọ́ tó mọ ọkọ́ dì mú, kí ló tún ń wá nídìí irin?" Àgbẹ̀ òwú ni Sayi, bàbá tó bí i lọ́mọ náà òwú ló gbìn títí ó fi kú. Lójú tirẹ̀, oko, ọjà àti ilé ọkọ ti tó ọmọ obìnrin í rìn. Ṣùgbọ́n Minza ti rí ẹ̀rọ ilé òwú tó wà lẹ́bàá Maswa, níbi tí wọ́n ti ń yọ kóró lára òwú, tí wọ́n sì ń fún un di ìdì gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ohun tó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó fojú sí ọkọ́ mọ́. Ó lọ bá Mzee Lubango, àgbà fundi ibẹ̀, ó ní kó gba òun.

Ojú kan ni Mzee Lubango fi ń ríran. Èkejì lọ lọ́jọ́ tó fi páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, tó fẹ́ fi tipátipá yọ sítọ́ọ̀dù kan tó ti dípẹtà. Sítọ́ọ̀dù ni bóòtù tí kò lórí. Ìdajì rẹ̀ a wọnú ara ẹ̀rọ, ìdajì a yọ síta, nọ́ọ̀tì a wá jókòó lé èyí tó yọ síta láti di ìdérí mú. Apá tó wọnú lọ ló máa ń há bó bá pẹ́. Ti Mzee Lubango ṣẹ́ lójijì, èérún irin fò, ó bà á lójú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ní kó ṣe ni kó wo ojú òun dáadáa.

"Má bá a jà," ló máa ń wí. "Ẹ̀bẹ̀ ni irin tó há ń gbọ́. Bó o bá bá a jà, á ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Minza gba ẹ̀kọ́ náà sínú egungun. Nígbà tí Mzee Lubango fi máa padà sílé rẹ̀ ní Bariadi, òun náà ló ní kí wọ́n fi Minza rọ́pò òun. Minza ti lọ́kọ nígbà náà, ó ti bí Shija, gbogbo ènìyàn sì ti ń pè é ní Mama Shija. Bí tirakitọ̀ kan bá há lábúlé, tàbí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, yóò sì gun kẹ̀kẹ́ lọ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í fọ́nnu nítorí ẹ̀rọ tó tún ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń fi yangàn ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kán sílẹ̀ rí níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún tí òwú ta yọ jù, tí kẹ̀kẹ́ màlúù àti ọkọ̀ ẹrù tò láti ẹnu géètì dé ojú ọ̀nà ńlá, ni ẹ̀rọ tó ń fún òwú dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdì òwú kan wà nínú rẹ̀ tí ó fún dé ìdajì. Òróró ẹ̀rọ, èyí tó ń ti apá rẹ̀ sókè láti fún òwú, ń ṣàn jáde lábẹ́ ìdérí ibi tí agbára ẹ̀rọ náà ti ń wá. Minza fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Sítọ́ọ̀dù kan ti ṣẹ́ gé pẹrẹsẹ lábẹ́ ìdérí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti nà nítorí pé òun nìkan ló ń ru ẹrù méjì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde.

Masunga, olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kó dìde kó tó ti agolo gáàsì àti iná wẹ́dà wọlé. Ènìyàn dáadáa ni Masunga, ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ̀ ọ́ lára.

"Kí lo gbé dé yẹn, Masunga?"

"Iná ni, Mama Shija. Ẹ jẹ́ ká mú irin yẹn gbóná, á jáde bí eyín ọmọdé."

"Tó bá jẹ́ ìta gbangba ni, ǹ bá ti tan án kó o tó parí ọ̀rọ̀. Gbójú sókè."

Masunga gbójú sókè. Irun òwú ti bo gbogbo igi òrùlé bí ìkùukùu, ó bo ògiri, ó bo ilẹ̀, ó wà nínú irun orí òun fúnra rẹ̀.

"Bí iná bá ta kán-ún péré síbẹ̀," ni Minza wí, "ilẹ̀kùn wo lèmi pẹ̀lú ẹ máa gbà jáde? Òwú gbogbo ìlú ló wà níhìn-ín. Yí agolo yẹn padà sábẹ́ igi àjàgbọn, jọ̀ọ́."

Masunga lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé òwú, Bwana Makoye. Bwana Makoye wá, ó wo òrùlé, ó wo èrò tó ń dúró níta. Ó bi Minza pé ìgbà wo ni yóò parí. Minza ní òun kò ní purọ́ fún un, kì í ṣe lónìí. Ọkùnrin náà fọwọ́ nu iwájú orí, ó ní, "Ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi á bá àwọn èrò sọ̀rọ̀."

Minza kò fọwọ́ kan sítọ́ọ̀dù rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbá irun òwú kúrò níbẹ̀, kí wọ́n gbé garawa omi sítòsí. Ó to ìtì igi líle sábẹ́ apá ẹ̀rọ tó ń gòkè, ó wá ṣí ọ̀nà òróró díẹ̀díẹ̀ títí apá náà fi sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́ lé igi lórí, tí ọwọ́ aago tó ń fi agbára hàn fi sùn sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó fi àgádágodo ti súìṣì, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Masunga ní, "Àgádágodo kẹ̀? Ta ló fẹ́ jí súìṣì gbé?"

Àwọn ọkùnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Minza tú nọ́ọ̀tì tó kù, wọ́n fi ṣéènì gbé ìdérí kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán epo dísù sí gbòǹgbò sítọ́ọ̀dù méjèèjì, ó ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún ń kán an.

"Mama Shija, ṣé ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́ fún ìyá rẹ̀ ni?" ni Masunga bèèrè.

"Bó o bá fẹ́, wá bá mi gbé kànìnkànìn. Gbogbo ọmọ tí mo ti wẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Báyìí ló ṣe títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó fi í sílẹ̀ kí dísù máa wọlé, ó lọ sílé. Nígbà tó ń kọjá láàárín àwọn tó ń dúró, ó rí bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ màlúù, òwú tirẹ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i. Sayi dáhùn, ó sì yíjú sí màlúù rẹ̀, nítorí àwọn kan ń kùn nítòsí pé obìnrin kan ló dá gbogbo ìlú dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ awò ojú, ó yí nọ́ọ̀tì méjì sórí sítọ́ọ̀dù tó nà, ó fún wọn pa pọ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan. Ó fi sípánà mú èyí tó wà nísàlẹ̀. Kò kọ́kọ́ tú u. Ó tì í síwájú díẹ̀, ó fà á padà díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, títí ìpẹtà fi dún kẹ́ẹ́rẹ́, tí sítọ́ọ̀dù fi ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Èyí tó ṣẹ́ ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ wọlé, apá rẹ̀ méjèèjì wọnú ẹ̀rọ dé igbọ̀nwọ́, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sàmì sí àárín gbùngbùn rẹ̀ kí dírílì, ohun tí wọ́n fi ń lu ihò sínú irin, má baà yẹ̀. Àkókò yẹn ni òṣìṣẹ́ kan wọlé, tó ti lọ sin òkú lábúlé rẹ̀ tí kò sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀rọ dákẹ́, ó lọ tààrà síbi súìṣì láti tàn án. Ó fà á, kò lọ. Ó tún fà á.

"Ta ló ti nǹkan yìí pa?" ló bèèrè.

Masunga wo apá Minza nínú ẹ̀rọ, ó wo àgádágodo. Ó rìn lọ síbi súìṣì, ó rọra yọ ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí irin náà fi jáde.

Minza gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá mú dírílì ọlọ́wọ́, ó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n gé láti máa jẹ irin sí apá òsì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń jẹ irin sí òsì ló ń fà á sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ó yí i, ó nu èérún irin kúrò, ó tún yí i. Lẹ́ẹ̀kan náà dírílì gbé e mú, sítọ́ọ̀dù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ bí ìgbín tó ń yọ nínú ìkarawun.

Minza dìde dúró, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Eyín tí wọ́n gé sínú ihò náà láti di sítọ́ọ̀dù mú mọ́ kedere, kò sí èyí tó fọ́. Masunga bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe sí àwọn èrò pé, "Mama Shija ti yọ ọ́ o, kò sì sẹ́ni tó fara pa!"

Wọ́n fi sítọ́ọ̀dù tuntun sí i, wọ́n dé e, Minza ka orí gbogbo ènìyàn tó wà nídìí ẹ̀rọ kó tó ṣí àgádágodo. Ìdì àkọ́kọ́ jáde ní líle bí òkúta. Bwana Makoye pàṣẹ lójú gbogbo wọn pé iná wẹ́dà kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́, àti pé ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe ni kọ́kọ́rọ́ súìṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Minza jáde láti jẹun, bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ igi àjàgbọn. Ó ti tú michembe, ọ̀dùnkún gbígbẹ tí wọ́n sè, sílẹ̀ fún un, ó sì jókòó tì í bó ṣe ń jẹ.

"Minza," ló wí, "kí lo ṣe sí i gan-an?"

Kò bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Minza gbé michembe tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ṣùkù àgbàdo, ó fi ṣàpèjúwe bí irin ṣe ń há àti bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà ń mi orí, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó ní kó tún ti àgádágodo sọ fún òun.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Minza wà nínú ilé òwú nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ìta, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbẹ̀ yòókù. "Ọmọ mi ni. Dírílì rẹ̀ kì í yí bíi tàwọn ẹlòmíì, òsì ló ń yí sí. Irin náà á rò pé wọ́n ń lọ sọ́tùn-ún, kó tó fura, ó ti wà níta." Òótọ́ ni ti òsì, ṣùgbọ́n irin kì í ro nǹkan kan. Minza rẹ́rìn-ín, ó nu òróró lọ́wọ́, kò sì jáde lọ tún un ṣe fún un.