Omi Tí Mo Dà Lé Ásíìdì

Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ife gíláàsì ọwọ́ mi gbóná lójijì, ohun inú rẹ̀ sì ń hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ta sí mi lápá àti lójú ọ̀tún.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Oǹdó. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún wọn pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù, kí wọ́n wá máa ro ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, torí omi púpọ̀ lè gba ooru tí àwọn méjèèjì ń mú jáde mọ́ra. Ṣùgbọ́n tí omi bá bọ́ lé ásíìdì, òkè ló máa dúró sí, torí ásíìdì wúwo jù ú lọ. Ibẹ̀ ló ti máa hó, tí á sì gbé ásíìdì fò sókè. Mo mọ èyí. Lọ́jọ́ yẹn, mò ń kánjú kí àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò tó wọlé. Ásíìdì ti wà nínú ife, mo sì da omi lé e. Mi ò wọ awò ààbò.

Bàbá Káyọ̀dé, tó ń tọ́jú láàbù wa, ló fà mí dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo fẹ́ fi aṣọ nu ojú.

“Ẹ má nù ún, mà! Ẹ lajú sínú omi.”

“Kò ṣeé là, Bàbá.”

Ó fi ìka ara rẹ̀ la ìpéǹpéjú mi. Omi ti rin mí gbingbin kó tó gbà kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́.

Dókítà ní kọ́níà mi ti bó. Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú. Ó ní omi yẹn ló ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí bí ojú náà á ṣe ríran tó.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ọ̀bà-Ilé ni mo dé sí. Òun ló ń kán oògùn sí ojú náà fún mi. Tí mo bá lọ fún àyẹ̀wò, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ẹni tó bá bi mí, màá ní, “Ásíìdì ló ta sí mi.”

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló da omi sí i?”

“Èmi ni.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sunkún nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà àwọ̀ kọ́tìnnì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà. Kùrukùru díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo ti padà sí kíláàsì, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé èmi ni mo dà á, mo sì fi àpá tó wà lápá mi hàn wọ́n.

Mo máa ń wo apá yìí tí mo bá ń para. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara mi ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu awọ mìíràn.