Bírò Pupa Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi

Bí mo bá rí bírò pupa, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Ìlá ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn etí ni tiẹ̀ máa ń wà. Ó ti gbé ní Kánádà rí kó tó ṣàdédé padà wálé, gbogbo àdúgbò sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ńṣe ni wọ́n lé e.

Mo gbé síífí, ìwé tí mo to ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi sí, tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà lọ́hùn-ún, lọ bá a. Ó fa ìlà pupa la ọjọ́ ìbí mi kọjá. Ó pa fọ́tò mi rẹ́, ó pa ẹ̀sìn mi àti iye ọmọ mi rẹ́, ó tún wá pa ìlú baba mi rẹ́.

"Bàbá, kí ló wá kù nínú mi?"

"Iṣẹ́ tó o mọ̀ ọ́n ṣe ló kù. Ìyókù, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lọ́hùn-ún ò bi ọ́."

Ara fu mí. Ta ló ń fi ilé baba ẹ̀ pamọ́? Àbí ẹni tí wọ́n lé fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ mi ni? Mo délé, mo dá gbogbo ohun tó pa rẹ́ padà sínú rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ síbi mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Tìtìjú-tìtìjú ni mo fi èyí tó tún ṣe ránṣẹ́, wọ́n sì pè mí.

Mo ra obì lọ dúpẹ́, àmọ́ ìfura yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló gbé yín wálé gan-an?"

Ó yọ bírò létí, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìyá mi ló ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó máa tọ́jú wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí."